Òkúta Mẹ́jọ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Káàdì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n Múfú ní Ìlaròó láti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan. Owó ló fún mi, ó ní kí n lọ ra kútẹ́ẹ̀sì pupa wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun èékánná lọ́nà Sábó. Mo rò pé ó fẹ́ fi ta obìnrin kan lọ́rẹ ni. Nígbà tí mo gbé e dé, ó ṣí i, ó kán ẹyọ kan ṣoṣo sórí síkúrúù ẹ̀yìn ẹ̀rọ oníbàárà kan, ó sì fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ.

"Ṣadé, àmì wa nìyí," ni ó wí. "Ẹni tó bá tú u, kútẹ́ẹ̀sì á fọ́, a ó sì mọ̀. Ẹni tó bá gbé ẹrù ẹlòmíràn wá, tó ní ọ̀dọ̀ wa lòun ti rà á, a ó mọ̀ náà."

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Múfú ṣí lọ sí ìlú ìyàwó rẹ̀, tó fa ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́, mi ò pa àṣà náà tì. Gbogbo ohun tó bá jáde lọ́dọ̀ mi ló ń ní àmì pupa. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn sì ń pè mí ní Àǹtí Kútẹ́ẹ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í jẹ́ kí ó dé etí mi.

Ẹni tí kò bá kọ̀ǹpútà ṣeré lè béèrè pé kí ni káàdì gíráfíìsì. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ó ní fáànù méjì lórí, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ń fi í sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ya àwòrán sójú ẹ̀rọ, kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà lè ráyè gbọ́ ti nǹkan mìíràn. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà lásán kò nílò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gbá géèmù, tàbí tó ń ya àwòrán ilé, tàbí tó ń gé fídíò ìgbéyàwó pọ̀, bí kò bá sí káàdì níbẹ̀, yóò jókòó ti ẹ̀rọ títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Ọ̀nà méjì ni káàdì fi ń dé ọ̀dọ̀ wa: láti Ìkẹjà, tàbí láti Kútọnu gba Ìdí-Ìrókò. Nígbà tí Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé, ọ̀nà méjèèjì gbẹ. Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun kò rí ohun èlò, ọkọ̀ ojú omi kò rìn, bọ́dà tiwa náà sì tì. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó jókòó sílé fẹ́ gbá géèmù. Orí èyí ni a wà tí àwọn tó ń wa kírípítò fi dé. Àwọn wọ̀nyí a máa to káàdì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sórí igi bí ẹni tó ń yan ẹja, wọn a sì jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kí ó lè pa kírípítò, owó inú íńtánẹ́ẹ̀tì, fún wọn. Ọjà tí ẹnì kan ń wá tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ẹni mẹ́wàá ń du. Iye tí mo bá gbọ́ ní Mọ́ńdè, bí mo bá tún pe Ìkẹjà ní Tọ́sìdeè, wọn á fi mí rẹ́rìn-ín.

Àsìkò yẹn ni Tísà Ìdòwú wọlé tọ̀ mí wá láti Ayétòrò. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà. Ìṣirò ló fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ló ṣí ìsọ̀ kan tó ti ń gé fídíò ìgbéyàwó àti ti ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ náà ló sì ń jẹ. Káàdì rẹ̀ ti jó. Fídíò ìgbéyàwó mẹ́ta wà nínú ẹ̀rọ tí kò lè jáde, àwọn tọkọtaya sì ti ń pè é lórí fóònù.

Ẹyọ káàdì kan ṣoṣo ló kù nínú ìsọ̀ mi. Ó yí i wò, ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè.

"Àbúrò, èló ni ìkẹyìn?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni, Tísà."

"Ọgọ́ta."

"Ẹ sún un sókè díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọjà wọ́n."

A ná an títí ó fi di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Mo ní, "Ó gbà." Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní Tọ́sìdeè lòun máa gbé e wá.

"Má jẹ́ kí ó lọ o," ni ó wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ máa wò ó bíi tiyín, Tísà."

Mo kán àmì sí i lójú rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ti tán lọ́jọ́ náà, nítorí náà èyí tó wà nínú báàgì mi ni mo lò, elése àlùkò, èyí tí mo fi ń kun èékánná tèmi. Káàdì kan ṣoṣo tí mo fi àwọ̀ yẹn sàmì sí láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní Wẹ́sìdeè, ọkùnrin kan dé láti Èkó. Ó ti rin Abẹ́òkúta, ó ti rin Ọ̀tà, ó ń ra káàdì kiri fún àwọn tó ń wa kírípítò. Kò ná ọjà rárá. Ó wo káàdì Tísà nínú gíláàsì tí mo ń pàtẹ ọjà sí, ó ní òun máa san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ, kí n dì í fún òun. Ìlọ́po méjì gééré. Mo ní ẹnì kan ti dì í mọ́lẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹni náà ti sanwó. Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yọ owó. Mo sọ fún ara mi pé ọjà tí wọn kò tíì sanwó fún, ọjà onísọ̀ ni. Mo tà á.

Tísà dé ní Tọ́sìdeè pẹ̀lú owó nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀. Mo ti múra irọ́ sílẹ̀, pé káàdì náà bàjẹ́ nígbà tí mo dán an wò, àmọ́ nígbà tí mo rí i bó ṣe di àpòòwé náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, irọ́ náà kò jáde lẹ́nu mi.

"Mo ti tà á, Tísà. Ẹ má bínú. Bí ọjà ṣe rí nísinsìnyí ni."

Ó wò mí. "O ní kí n máa wò ó bíi tèmi."

Ó ki àpòòwé bọ àpò, ó gun maṣíìnì rẹ̀, ó padà sí Ayétòrò. Èmi náà fi èrè mi ra ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan, inú mi sì dùn sí i. N ò ní purọ́, inú mi dùn.

Nígbà tí mo lọ kí Màmá mi ní Ìjòún, mo sọ ìtàn náà fún un bí ẹni tó jàre. Màmá mi jẹ́ àgbẹ̀. Láti kékeré mi ló ti ń kó iṣu àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí yóò to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye owó. Ẹni tó bá ń kọjá á ka òkúta, á fi owó sílẹ̀, á gbé iṣu. Ẹni tó bá ń lọ oko láàárọ̀ lè wò ó, kí ó sì wá rà á nígbà tó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó ń ha ẹ̀gẹ́, kò sì gbé ojú sókè.

"Ṣé o ti ní ó gbà?"

"Mo ti ní ó gbà, Màmá."

"O wá lọ fi òkúta kún un lọ́sàn-án."

"Màmá, ti káàdì yàtọ̀ sí ti iṣu. Iye rẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́."

"Iṣu kì í gòkè ni? Ẹni tó rí òkúta márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún ni yóò bá nírọ̀lẹ́. Bí oníbàárà bá wò ó tó rí i pé iṣu tóbi, òun ló lè fi tirẹ̀ kún un. Olọ́jà kò lè fi kún un."

Mo ní ayé ìjelòó ni Màmá ń sọ. Mo jẹ ẹ̀bà tí ó tẹ̀, mo sì padà sí Ìlaròó.

Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn náà kí Tísà tó tún wọ ìsọ̀ mi. Ọ̀kadà ló gbé e wá. Ó ti rù. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé páálí tuntun kan sórí tábìlì, ọ̀rá rẹ̀ ṣì ń dán.

"Àbúrò, bá mi fi èyí sínú ẹ̀rọ. Mo fi í sí i nílé, ìlà aláwọ̀ ewé ló ń jáde. Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n fi."

Ìdí-Ìrókò ló ti rà á, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó ọjà láti Kútọnu. Igba ẹgbẹ̀rún náírà ló san. Ó ní ọkùnrin náà ń pariwo "nouveau, papa, nouveau" títí, pé tuntun ni. Maṣíìnì rẹ̀ ló tà láti fi rà á. Láti ìgbà tí káàdì àkọ́kọ́ ti jó, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń gbé iṣẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bí èyí ò bá ṣiṣẹ́," ni ó wí, "màá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà pa."

Lákòókò yẹn, owó kírípítò ti já wálẹ̀, àwọn tó ń wà á ti ń tú káàdì wọn tà. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń wá páálí tuntun fún un, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba Kútọnu padà wọlé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bí eruku tó jóná. Mo yí i padà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí síkúrúù rẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan nu ojú rẹ̀, àmọ́ kútẹ́ẹ̀sì kì í tán nínú ihò síkúrúù. Elése àlùkò ni.

Mo jókòó. Tísà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu omi inú ọ̀rá. Kò sí ohun tó rọrùn ju kí n sọ pé káàdì náà ti bàjẹ́, kí ó padà lọ bá oní-Kútọnu jà. Òun kò mọ̀ pé káàdì kan ṣoṣo ló ní àwọ̀ náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ìtìjú mú mi, ìtìjú tó jẹ́ kí etí mi gbóná.

"Tísà, káàdì yín nìyí."

"Mo mọ̀ pé tèmi ni."

"Rárá, Tísà. Èyí tí a dì ní ọgọ́rin. Èmi ni mo fi àmì yìí sí i lójú yín. Àwọn tí mo tà á fún ti lò ó pa."

Ó dìde, ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó yọjú wo síkúrúù náà fún ìgbà pípẹ́. Mo ń retí kí ó bú mi. Ìbá ṣe pé ó bú mi ni, ara ìbá tù mí.

"Igba dín ọgọ́rin," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó dúró síwájú kíláàsì.

Mo pa ẹ̀rọ tí èmi fúnra mi fi ń ṣiṣẹ́. Mo tú káàdì inú rẹ̀, tí ó dára ju èyí tó rà lọ, mo fi í sínú ẹ̀rọ Tísà, mo sì tàn án. Fídíò ìyàwó kan jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ìlà kankan lójú rẹ̀. Tísà béèrè iye tí ó máa san. Mo ní ó ti san án. Ó fẹ́ bá mi jiyàn, àmọ́ ó wo ojú mi, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀.

Káàdì tó kú náà wà nínú gíláàsì mi títí di òní. Mo to òkúta mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọgọ́rin tí èmi àti Tísà jọ dì í, kì í ṣe títà. Láti ìgbà náà, òkúta ni mo ń tò síwájú gbogbo káàdì tí mo ń tà, òkúta kan fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá rajà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń béèrè bóyá mo ń ta ayò. Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé bí mo bá ti tò ó láàárọ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ti pa mí lára láwọn ọjọ́ tí náírà bá já lọ́sàn-án gangan.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Tísà pè mí láìpẹ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ti gbòòrò, ó ń wá káàdì tó lágbára sí i. Mo ní, "Òkúta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Tísà." Ó ní òun ti ń bọ̀ lọ́nà. Kò pẹ́ tí Ìkẹjà fi pè mí pé iye rẹ̀ ti gòkè, pé bí mo bá tà á níye yẹn, mi ò ní rí òmíràn rà dípò rẹ̀. Mo wo àwọn òkúta náà. Mo lọ gbá iwájú ìsọ̀ kí ojú mi lè kúrò lára wọn.

Tísà dé nírọ̀lẹ́, bàtà rẹ̀ pupa fún eruku Ayétòrò. Ó na ìka, ó ka òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ òkúta kan jáde, ó sì fi í lé ìparí ìlà náà.

"Tísà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

"Mo pe Ìkẹjà lójú ọ̀nà, mo mọ iye tó jẹ́ lónìí," ni ó wí. "Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ, àbúrò. Mo mọ̀ ọ́n kà."

Mo gba owó rẹ̀, mo mú káàdì náà, mo wá kútẹ́ẹ̀sì. Mo kán an lẹ́ẹ̀mejì, àmì náà sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.