Abọ́ Márùn-ún Lórí Tábìlì Ọ̀rẹ́ Bàbá Mi

Mo ṣì kéré nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá àti oṣù mẹ́rin, a sì ń gbé nínú àpátímẹ́ǹtì oníyàrá méjì ní Sharpstown, nílùú Houston níbí. Mo ka oṣù mọ́ ọn kí ẹ lè mọ̀ pé mo ti gbọ́n díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá ka èyí, ẹ má bá mi wá àwáwí.

Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan. Ilé ìwé girama kan náà ni wọ́n lọ nílé, bẹ́ẹ̀dì alájà méjì kan náà, èyí tí à ń pè ní bọ́ǹkì, ni wọ́n sì sùn fún ọdún márùn-ún, bàbá mi lókè, ọ̀rẹ́ wọn nísàlẹ̀. Nítorí náà, Bọ́ǹkì ni àwọn méjèèjì ń pe ara wọn títí wọ́n fi dàgbà. Ọ̀rẹ́ yìí ló kọ́kọ́ wá sí Amẹ́ríkà. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì rí iṣẹ́ sí oko màlúù ńlá kan, irú èyí tí àwọn ará Texas ń pè ní ráǹṣì, níhà ìwọ̀-oòrùn, ìrìn wákàtí márùn-ún sílé wa. Àwọn ló bá bàbá mi wá ilé ẹ̀kọ́ tó gbé wa dé ìlú yìí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń bẹ̀ wá pé kí a wá kí àwọn.

Nígbà tí bàbá mi wá rí Sátidé kan gbà níbi iṣẹ́, inú wọn dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ní Sunday tó ṣáájú rẹ̀, ìyá wòlíì kan dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní àwọn rí àwo oúnjẹ kan tí a fi aṣọ funfun bò nílé ọ̀rẹ́, kí ìdílé kan ṣọ́ra. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdílé tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà á tó ogójì. Màmá mi nìkan ló gbà pé tiwa ni. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló máa ń bà wọ́n nítorí wa, bó ṣe máa ń ba èmi náà báyìí.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la kúrò nílé, àwa márùn-ún: bàbá mi, màmá mi, èmi àti àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjì. Màmá mi ti se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà. Nígbà tí a kọjá Richmond, ilé tán, ó ku koríko, wáyà ọgbà àti màlúù. Bàbá mi ń kọ orin ilé ìwé wọn, wọ́n ń lu ọwọ́ ọkọ̀. N kò rí i kí wọ́n yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku bíi máìlì méjì kí a dé ẹnu ọ̀nà oko náà nígbà tí màmá mi ní kí wọ́n páàkì sábẹ́ igi kan. Wọ́n ṣí kúlà.

Bàbá mi ní, “Ṣé ẹnu géètì ọ̀rẹ́ mi la ti máa yó ni?”

“Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹun, Dádì. Àbí ẹ ti gbàgbé ìran yẹn ni?”

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. “Bọ́ǹkì ló fẹ́ pa mí? Ẹni tó máa ń jí gààrí mi mu, tí á tún bú mi pé mi ò ra ṣúgà sí i!”

Síbẹ̀, bàbá mi jẹ ṣíbí méjì. Màmá mi wá kọjú sí àwa ọmọ: bí wọ́n bá fún wa ní ohunkóhun, kí a ní a ti yó. Àbúrò mi kékeré bèèrè pé omi ńkọ́. Wọ́n ní omi náà.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ti ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n wọ bàtà gígùn àti fìlà elétí gbòòrò. “Bọ́ǹkì! O ti sanra ju màlúù mi lọ!” Bàbá mi ní, “Ṣé fìlà nìyẹn ni àbí òrùlé?” Wọ́n dì mọ́ ara wọn pẹ́, títí ojú fi ń ti àwa ọmọ.

Wọ́n ti tẹ́ tábìlì dè wá. Lọ́jọ́ Thursday, wọ́n wakọ̀ wá sí Houston, wọ́n sì padà lọ́jọ́ kan náà, láìsọ fún wa, kí wọ́n lè ra iṣu. Fúnra wọn ni wọ́n gbẹ́ odó tí wọ́n fi gún un, lára igi kan tó wó lóko. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni, ẹran inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ màlúù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́. Wọ́n ní ọdún mẹ́fà nìyẹn tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti jókòó sídìí tábìlì náà kẹ́yìn.

A jókòó. Ẹnikẹ́ni kò jẹun.

“A ti jẹun lọ́nà, sà. Ẹ má bínú,” ni màmá mi wí.

“Lọ́nà wo, ìyàwó wa? Ta ló ń ta oúnjẹ nínú igbó yìí? Àbí màlúù ló se é fún yín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ìwọ àgbà wọn, o ò jọ ẹni tó ń purọ́. Kí ló dé?”

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, “Mọ́mì ní wòlíì ríran pé ká má jẹ oúnjẹ ọ̀rẹ́, sà.”

Nílé wa, ẹni tó gbé oúnjẹ fún àlejò lè kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn àlejò balẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n sì máa ń fi ṣe é. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n gbé abọ́ bàbá mi, wọ́n bu òkèlè kan níbẹ̀, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti màmá mi, sí tèmi, sí ti àwọn àbúrò mi, abọ́ márààrún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Bọ́ǹkì, ó kù sọ́wọ́ ẹ.”

Bàbá mi ti ọwọ́ bọ omi, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n wo màmá mi. Màmá mi mi orí, omi lójú. Bàbá mi nu ọwọ́ náà sára ṣòkòtò wọn. “Má bínú, Bọ́ǹkì.”

Ọ̀rẹ́ wọn fi fóìlì wé iyán àti ẹran, wọ́n sì gbé e sínú kúlà wa. “Bóyá ebi á pa yín lọ́nà.”

Ní ilé epo kan, lẹ́yìn bíi wákàtí kan, màmá mi ní kí n lọ dà á nù. Bàbá mi tẹjú mọ́ iwájú. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé náà, níbi tí àgbá ìdọ̀tí wà, mo tú fóìlì. Ẹran náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo jẹ ọ̀kan. Mo jẹ ìkejì. Mo da ìyókù nù. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, mo mọ̀, torí aago ọkọ̀ ni mo ń wò láti ìgbà tí mo padà wọlé, tí mo ń retí ikú. A dé Richmond ní aago márùn-ún àbọ̀. Inú kò run mí. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wọn.

Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ náà. Ẹ̀rù ẹgba kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàbá mi tẹ ọ̀rẹ́ wọn láago. Lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n gbé e, wọ́n ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbé e mọ́. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọ́n ti fi oko náà sílẹ̀. Bàbá mi kò kọ orin ilé ìwé wọn mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kú sí, wọ́n bi mí pé, “Ṣé Bọ́ǹkì ti pè?” Mo ní rárá, sà. Ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi, màmá mi ti kú ṣáájú, kò sí ẹni tí mo tún ń bẹ̀rù láyé. Síbẹ̀, n kò sọ ọ́.

Ayé ti yí padà. Fulshear ni mo ń gbé báyìí, níbi tó jẹ́ kìkì koríko nígbà yẹn, ilé tuntun sì ti bo gbogbo rẹ̀. Fóònù lè wá ẹni tó sọnù rí láàárín ìṣẹ́jú kan, àfi bí ẹni náà kò bá fẹ́ kí a rí òun. Bí àwọn òbí ibí bá pe ọmọ ẹni wá sílé, wọ́n á kọ́kọ́ kọ̀wé bèèrè ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, tí kò gbọdọ̀ jẹ.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n pe àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sí oko màlúù àwọn òbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ. Nígbà tí mo rí géètì lókèèrè, mo páàkì, mo ṣí kúlà.

“Mọ́mì, wọ́n ti se oúnjẹ dè mí.”

“Mo mọ̀. Jẹ díẹ̀ kí o tó wọlé.”

Ó wò mí, kò jiyàn. Ó jẹ ṣíbí méjì.