Bí Verlin Stuckey Ṣe Ra Ètò Oúnjẹ Àsansílẹ̀

Verlin Stuckey ni ọkọ àbúrò mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ọdún méjìdínlógójì ló fi tún ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ṣe nílùú wa ní Ohio, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì pa iṣẹ́ jẹ. Ọ̀kan nínú mẹ́ta náà ni ọjọ́ tó gbé Ardith, àbúrò mi, níyàwó. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìsinmi òun.

Verlin kì í ṣe ahun. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òrùlé mi ń jò, òun ló gun orí rẹ̀, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń ṣe é ni pé kò lè rí iye owó kó má kà á sókè. Bí wọ́n bá gbé ìwé oúnjẹ fún un, apá ọ̀tún, níbi tí wọ́n kọ iye owó sí, ló ti ń bẹ̀rẹ̀. "Dọ́là mẹ́rìnlá fún adìẹ," ni yóò wí. "Adìẹ mélòó?" Ardith yóò pa ìwé tirẹ̀ dé, yóò ní ebi ò fi bẹ́ẹ̀ pa òun. Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi ń ṣe báyìí.

Nígbà tí àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wọn pé, Denelle, ọmọ wọn tó ń bá dókítà eléyín ṣiṣẹ́, san owó ilé ìtura àti owó ìwọlé sí Ìlú Pẹlikán, ọgbà ìgbádùn ńlá kan ní Florida. Ọjọ́ márùn-ún ni. Ó fi mí kún un. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti bàbá òun nígbà tí ìyá òun bá ń gun ẹṣin onígi tó ń yí po.

Oúnjẹ nìkan ló kù tí kò tíì san. Ó pè wọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejì. Èmi náà wà níbẹ̀. Verlin gbé fóònù sáàárín tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Dádì, ètò oúnjẹ àsansílẹ̀ wà. Ẹ máa san án kẹ́ ẹ tó lọ. Dọ́là méjìdínláàádọ́rin ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Wọ́n á so ẹ̀gbà rọ́bà mọ́ yín lọ́wọ́, òun lẹ máa fi gba oúnjẹ. Lójúmọ́, ẹ máa jókòó jẹun lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa gba ti orí káńtà tí wọ́n ń dúró jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa gba ìpápánu méjì, wọ́n á sì fún yín ní kọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ lè máa bu ohun mímu sí títí."

"Bí èèyàn ò bá jẹ ẹ́ tán ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀, Dádì."

"Owó á ti lọ. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ní títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ ò bá fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ máa sanwó níbi tẹ́ ẹ bá ti jẹun."

Ardith ń fọ abọ́. Kò bojú wẹ̀yìn. "Rà á, Verlin."

"Mi ò tíì ṣírò ẹ̀, Mọ́mì," ni Verlin wí. Bó ṣe máa ń pe ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

"Mi ò ní kó o ṣírò ẹ̀. Láti àádọ́ta ọdún ni mo ti ń fi iye owó jẹun. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo fẹ́ jẹun láì gbọ́ iye tó jẹ́. Má ra òrùka, má ra òdòdó. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Verlin ní òun gbọ́, pé òun ò ní ka owó níbẹ̀. Ó gbọ́ lóòótọ́. Síbẹ̀, ó ṣírò ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá. Ó pe ọgbà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi wọ́n bóyá egungun wà lára itan tòlótòló wọn nígbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní òun ò mọ̀. Verlin ní òun á dúró. Ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Egungun wà lára rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá bá mi nílé.

"Orrin, ibi tó kù ni bóyá arúgbó lè jẹ ẹ́ tán. A máa dán an wò nílé níbí. Lọ́la, Florida la wà."

Lọ́jọ́ kejì, yìnyín dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, Verlin tò wá sí ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí, lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Òun ló ṣáájú, èmi ni mo tẹ̀ lé e, Ardith wà lẹ́yìn. Ó ní èèyàn kì í dé ọgbà ìgbádùn kó jẹun lójú ẹsẹ̀, pé ogún ìṣẹ́jú la máa fi dúró. Ìyàwó pásítọ̀ wa, Ìyáàfin Amstutz, ń mú ajá rẹ̀ rìn kọjá.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"A tò ni," ni mo wí.

"Ẹ tò fún kí ni?"

"Ẹyin."

"Ta ló ń pín in?"

"Ardith ni."

Ó wo Ardith, tó wọ aṣọ ìdáná sábẹ́ kóòtù. "Ṣebí ìwọ náà lo tò yìí?"

"Mo gbọ́dọ̀ tò," ni Ardith wí. "Tí n bá kúrò lórí ìlà, mo ti pàdánù àyè mi nìyẹn."

Ìyáàfin Amstutz ní òun á máa rántí wa nínú àdúrà.

A jẹ ẹyin náà lórí ìdúró, nítorí ti orí káńtà ni. Lẹ́yìn náà, Verlin mú wa lọ sí pápá bọ́ọ̀lù iléèwé, a sì yí i po lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ìpápánu àkọ́kọ́ ni àìsìkirímù. Inú yìnyín la ti jẹ ẹ́. Ọwọ́ mi kò gbóná tó láti di ṣíbí mú, mo sì fi ìdajì sílẹ̀. Verlin yọ pẹ́ńsù rẹ̀, ó kọ ọ́ báyìí: "Orrin, ìdajì àìsìkirímù, àdánù." Gúgúrú ni ìkejì. Ìyẹn tán.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, a jókòó ti ẹran màlúù tí Ardith yan, pẹ̀lú pòtétò àti kárọ́ọ̀tì. Verlin so táì mọ́ra. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé oúnjẹ.

"Màlúù wà," ni Ardith wí. "Ohun kejì ni pé kó o má jẹun."

"Mo mú màlúù."

"Èmi ni mo sè é ní Florida tibí. Ta ló máa sè é ní tọ̀hún?"

"Àwọn ni."

"Kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ìṣirò náà fi hàn kò le. Bí oúnjẹ tí a bá jókòó jẹ bá ju dọ́là mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ètò náà jèrè. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó pàdánù. Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Verlin san ẹgbẹ̀rún kan àti ogún dọ́là fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ardith kọrin nígbà tó ń di ẹrù. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ iye owó ti parí.

Ọjọ́ Ajé la dé Ìlú Pẹlikán. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, a wọ ilé oúnjẹ. Àwa àti àwọn ará Indiana mẹ́rin nìkan la wà níbẹ̀. Wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá.

"Ẹja ni mo fẹ́," ni Ardith wí. Inú rẹ̀ dùn. Kò pa ìwé náà dé.

Verlin wo apá ọ̀tún. "Mọ́mì, dọ́là méjìlélógún nìyẹn."

Ardith gbé ojú sókè. "Kí lo wí?"

"Ó ti kéré jù. Màlúù wà ní mẹ́tàlélógójì. Mú màlúù."

"Ẹja ló wù mí, Verlin."

"Dọ́là mẹ́sàn-án la máa pàdánù lórí ẹja."

"O ní a ti san án."

"A ti san án. Ìdí tá a fi gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ padà nìyẹn."

"O ṣèlérí pé o ò ní ka owó."

"Mi ò ka owó. Owó ti lọ. Èrè ni mò ń kà."

Ardith jẹ màlúù. Ó jẹ màlúù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́rú. Àádọ́ta ọdún ni Verlin fi sọ fún un pé oúnjẹ wọ́n; ní Florida, ó ń sọ fún un pé oúnjẹ kò wọ́n tó. Bó bá ní kí wọ́n fún òun ní omi, Verlin á ní omi ò ní iye, kó mu omi ọsàn. Bó bá mú bisikíìtì ní ìpápánu, á ní kó dá a padà, pé èso tí wọ́n gé sínú ike fi dọ́là kan àtààbọ̀ jù ú lọ. Ó ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn ará Indiana sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Lowell, náà ti ra ètò ọ̀hún. Òun àti Verlin fi bébà wọn wé ara wọn. Ìyàwó Lowell wo Ardith, Ardith náà wò ó.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n gbé ìwé oúnjẹ wá, Verlin sì la ẹnu. Ardith fa ẹ̀gbà rọ́bà náà gba orí àtàǹpàkò rẹ̀ kọjá títí ó fi bọ́, ó fi í sórí àwo búrẹ́dì Verlin.

"Bá mi jẹ tèmi," ni ó wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

Verlin wo ẹ̀gbà náà. "Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ bọ́," ni ó sọ fún mi.

"Ó ti bọ́."

"Ṣé inú ń bí i?"

"Ó ń bí i."

Ó ní kí wọ́n gbé màlúù méjì wá kí ti Ardith má bàa ṣòfò. Ó jẹ ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n di èkejì sínú páálí, a sì wá Ardith lọ.

Ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà ọgbà la ti bá a, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò. Ọkùnrin kan ń ta sọ́sééjì nínú búrẹ́dì níbẹ̀ lórí ọmọlanke, kò sì gba ẹ̀gbà rọ́bà ẹnikẹ́ni. Ardith jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ọ̀kan. Owó inú báàgì rẹ̀ ló fi rà á.

Verlin na páálí sí i. "Ẹran rẹ nìyí."

"Gbé e fún Orrin."

Ó gbé e fún mi. Ó jókòó tì í. Wọ́n fi ẹfun kọ iye sọ́sééjì náà gàdàgbà sórí pátákó níwájú ọmọlanke. Verlin wò ó. Ètè rẹ̀ mì. Ardith dẹ́kun jíjẹ, ó ń wò ó. Verlin pa ẹnu dé.

"Ṣé o mọ ohun tí mo ní kó o rà fún mi?" ni Ardith bi í.

"Ètò oúnjẹ."

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni mo ní kó o rà, Verlin. Mo rò pé wọ́n ń tà á mọ́ ọn ni."

"Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé wọn," ni Verlin wí. Ó yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ mọ̀?"

"Gbogbo wa mọ̀. Ó sọ ọ́ létí fóònù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn."

"Orrin, nọ́ńbà ni mò ń gbọ́ lọ́jọ́ náà."

Ardith fún un ní ìdajì tó kù. Ó jẹ ẹ́. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá ká tó wọ ìkẹta.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ìkẹyìn wa. A jókòó ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ardith ní ẹja ni òun fẹ́, ó sì dúró. Verlin gbé ìwé tirẹ̀ sókè, ó tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ bo apá ọ̀tún ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi wo apá òsì. Ó jọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ láìsí bíréèkì. Níkẹyìn, ó mú adìẹ.

Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, Ardith bi í pé, "Ṣé ó dùn?"

"Mi ò mọ iye tó jẹ́."

"Ohun tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn."

Verlin wo egungun tó kù nínú àwo.

"Ó dùn," ni ó wí.