Télọ̀ Tó Fi Àyè Abẹ́rẹ́ Kún Irin

Ọjọ́ tí irin tẹ Bàbá Téèpù mọ́ orí bẹ́ǹṣì ní jíìmù, kò ké. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ń kí èèyàn ni.

"Ẹ káàárọ̀ o," ló wí fún obìnrin oníbúrẹ́dì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. "Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Dáadáa ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"A dúpẹ́." Ọ̀pá irin wà gbalaja lórí àyà rẹ̀ bí igi tó wó dí ojú ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. "À ń sinmi díẹ̀ ni."

Oníbúrẹ́dì lọ gun kẹ̀kẹ́ tí kì í lọ síbì kankan. Ó wẹ̀yìn. Bàbá ṣì ń sinmi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mu omi, ó tún wẹ̀yìn. Ìsinmi yìí ti ń pọ̀ jù. Ó padà lọ bá a. "Bàbá, ṣé kí n bá yín gbé e kúrò ni?"

"Gbé kí ni kúrò?"

Ọkùnrin tó ni jíìmù náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Kóòṣì, ló fò dé láti ẹnu ọ̀nà tó gbé irin kúrò lórí àgbàlagbà. Ó wo irin. Ó wo Bàbá. Ó tún wo irin.

"Bàbá, kílò mélòó ni mo ní kẹ́ ẹ gbé?"

"Ogún."

"Kí ló wà lórí èyí?"

"Ogún." Bàbá nu òógùn ojú rẹ̀, ó wá fi sùúrù ṣàlàyé, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. "Àti àyè abẹ́rẹ́."

Títí di òní tí Bàbá ti lọ, ìtàn yìí ni wọ́n fi ń kí àlejò káàbọ̀ sí jíìmù náà. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, wọn a ní kó tún padà wá lọ́la.

Télọ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló lò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Téèpù tó fi ń wọn èèyàn kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ó ń gbé e sùn, òun náà ò jiyàn. Ó sì ní òfin kan tí gbogbo télọ̀ mọ̀: a kì í gé aṣọ kó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ara. A máa ń fi díẹ̀ kún un, kí abẹ́rẹ́ lè ríbi gbà, kí aṣọ má bàa fún ẹni tó ni ín. Àwọn télọ̀ yòókù ń tẹ̀ lé òfin yìí nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Téèpù ń tẹ̀ lé e níbi gbogbo. Wọ́n ní kó fi ṣíbí ṣúgà kan sí tíì, á fi kan àti ààbọ̀. Wọ́n pe òun nìkan síbi ìgbéyàwó, á mú ọ̀rẹ́ kan dání, á nà án sí wọn lẹ́nu ọ̀nà: "Àyè abẹ́rẹ́ mi rèé."

Àtẹ̀gùn ló gbé e dé jíìmù. Àjà kẹta ló ń gbé, òun nìkan, láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó fi ń tẹ ẹ̀rọ le bí òpó ilé. Tòsì, àlejò ni. Ó kàn ń bá tọ̀tún kiri ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń mú kí àwọn tí ara wọn ò yá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wá kí i lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó bá Bàbá lórí àtẹ̀gùn, níbi tó jókòó ti àpò ọjà rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mo ń gbatẹ́gùn."

"Kò sí fèrèsé níbí."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́."

"Ẹ máa kó wá sílé mi. Mo ní yàrá nísàlẹ̀. Ẹ ò ní gun nǹkan kan mọ́. Ẹ kàn máa jókòó ni, kí n máa tọ́jú yín."

"Gbogbo ayé mi ni mo ti fi jókòó. Wo ohun tó fi ẹsẹ̀ òsì mi dà."

Ariwo sọ. Àwọn aládùúgbò jáde wá dá sí i. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò. Tí òjò ọdún yẹn bá ti dá, Bàbá á gbé ẹrù ọjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ láì jókòó. Tó bá gbé e dé, ilé rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Tó bá jókòó, ó parí.

"Tẹ́ ẹ bá fìdí kan àtẹ̀gùn pẹ́nrẹ́n," ni nọ́ọ̀sì wí, "bẹ́ẹ̀dì yín ti wọ mọ́tò nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti wà ní jíìmù. Bàtà tuntun. Téèpù lọ́rùn.

Kóòṣì kọ́kọ́ gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀. Bàbá rìn díẹ̀, ó wá rí i pé òun kọ̀yìn sí gbogbo àwọn tó wà nínú ilé. Èyí kò bá a lára mu. Ó yí padà. Ẹ̀rọ kò yí padà. Kóòṣì gbé e dìde nílẹ̀, ó bi í pé kí ló fà á. "Ọmọlúàbí kì í kọ̀yìn sí àwùjọ," ni Bàbá wí, ó sì ní kí wọ́n bá òun da ojú ẹ̀rọ náà kọ èèyàn. Wọ́n dà á. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ di òní.

Ìgbà kejì tó wá ni ọjọ́ irin. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọ̀ láti gòkè. Ó fi ẹnu lọ bá àwo oúnjẹ bí ewúrẹ́. Fóònù dún nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fi imú tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ṣé kò sí o?" Nọ́ọ̀sì ni.

"Kò sí rárá. Mo kàn dojú bolẹ̀ ni."

"Ẹ dojú bolẹ̀? Kí ló dé?"

"Ibẹ̀ ni fóònù wà."

Nọ́ọ̀sì pe Kóòṣì, ó sọ̀rọ̀ sí i débi tí Kóòṣì fi gun àjà kẹta náà lọ́sàn-án gangan láti wá bẹ̀bẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó ti àgbàlagbà.

"Bàbá, aṣọ là ń fi àyè abẹ́rẹ́ kún. Ara akọ̀bẹ̀rẹ̀, ẹ máa dín in kù. Tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ lè gbé ogún, ẹ gbé mẹ́wàá. Nígbà tí mẹ́wàá bá wá rọ̀ yín lọ́rùn dáadáa, ẹ fi díẹ̀ kún un."

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé abẹ́rẹ́ kì í lójú. "Mo dẹ̀ máa wá lójoojúmọ́?"

"Rárá o. Ẹ ṣe lónìí, ẹ sinmi lọ́la. Ìgbà téèyàn bá ń sinmi ni ara ń le."

"Ìsinmi yẹn... ṣé mo lè fi àyè abẹ́rẹ́ kún un?"

Kóòṣì rò ó. "Ìyẹn, ẹ lè fi kún un."

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà ni ìwàásù rẹ̀ ń le jù. Láti ọjọ́ yẹn, akọ̀bẹ̀rẹ̀ kankan ò lè wọ jíìmù kí Bàbá Téèpù má yọ sí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Á wọn apá. Á wọn ìbàdí. "Má fi dígí ṣe ẹlẹ́rìí. Dígí a máa pọ́nni. Téèpù kì í ṣègbè." Á ní kó kọ́kọ́ mú ara gbóná, pé ẹ̀rọ tútù tí wọ́n fipá tẹ̀ ni okùn rẹ̀ ń já. Á ní kó máa mí tó bá ń gbé irin. "Ẹni tó sé èémí, òun àti irin ló jọ ń bọ̀ nílẹ̀." Á ní tí ara bá ń ro ó wọ̀ọ̀, iṣẹ́ ló ń kọ́, tó bá gún un ṣóńṣó, kó sọ ọ́ sílẹ̀ kó máa lọ sílé. "Tí irin bá wá tẹ̀ ọ́," á sì rẹ ohùn sílẹ̀, "má kí èèyàn. Pariwo."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dé. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

"Bàbá, mo fẹ́ kí nǹkan yìí lọ lọ́sẹ̀ yìí."

"Ọdún mélòó ló fi dé?"

"Á tó mẹ́wàá."

"Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá rìn wá bá ọ, o ní kó máa lọ lọ́sẹ̀ yìí. O ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó palẹ̀ ẹrù mọ́!"

Ọmọbìnrin kan náà wá, ó ń sunkún. Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ò wọlé, ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò jẹun láti àná. Bàbá bi í níbo ni aṣọ wà. Ó gbà á, ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tún un rán, ó sì ní kí ọmọ lọ jẹun.

Kóòṣì káwọ́ lérí. "Bàbá! Ẹ ti lé oníbàárà mi lọ!"

"Mi ò lé e. Mo fi ìnṣì méjì kún un."

Ọmọ náà padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó mú ọkọ rẹ̀ dání. Ọkọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá nílò ìnṣì.

Òjò dá. Ọjọ́ àdéhùn pé. Nọ́ọ̀sì dé ti òun ti àpò ọjà tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì. Bàbá gbé e wò, ó tún gbé e sílẹ̀, ó tú u. Ọṣẹ. Mílíìkì. Ìlàjì búlọ́ọ̀kù.

"Kí lèyí?"

"Àyè abẹ́rẹ́ ni, Bàbá."

Bàbá yọ ọ́, ó gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. "Akọ̀bẹ̀rẹ̀ ni mí," ó ní. "À ń dín in kù ni."

Gbogbo jíìmù ló tò sórí àtẹ̀gùn. Oníbúrẹ́dì di ife omi mú. Awakọ̀ ń lọgun, "Ẹ mí, Bàbá! Ẹ mí!" Ìdílé kan ní àjà kejì rò pé iná ló ń jó, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n wọn jáde. Bàbá ń gùn. Ọ̀tún. Òsì. Ọ̀tún. Nígbà tó kọjá àjà kejì, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó dúró. Ó fara ti ògiri.

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ohùn ọmọ ni, kì í ṣe ohùn nọ́ọ̀sì. "Bàbá mi, ẹ jókòó. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀."

"Mi ò jókòó." Èémí rẹ̀ ń já. "Jẹ́ kí tòsì yìí gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún un."

Ohun yòówù tó sọ fún un, ó gbọ́. Ọ̀tún. Òsì. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ariwo ayọ̀ gba ilé kan. Bàbá fọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Kò sí kọ́kọ́rọ́. Ó ti fi í pa mọ́ sọ́wọ́ Kóòṣì, Kóòṣì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun á lọ mú un, Bàbá ti yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbà á. Ó tún gòkè. Nígbà tó padà kọjá àjà kejì, ẹnì kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá tún lò ní àjà kẹta náà. Lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ ló kú sí, ní ọ̀sán kan tó rọra dákẹ́, bí ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ wá kó ẹrù. Kóòṣì àti awakọ̀ ń bá a gbé e. Aládùúgbò Bàbá, ìyá àgbà tó ń gbé yàrá òdìkejì, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Agídí ọkùnrin yìí," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Yàrá yẹn ṣófo nílé mi títí dòní. Mo ti kun ún. Mo ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Kò fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ mi rárá."

"Ta ló sọ fún ọ bẹ́ẹ̀?" Ìyá àgbà nawọ́ sí fèrèsé. "Láràárọ̀ Sátidé, ibẹ̀ yẹn ló ń dúró sí. Á ti fá irùngbọ̀n. Tó bá ti rí ọ lókèèrè, á pariwo sí mi pé, 'Ó ti ń bọ̀ o!' Á wá sáré lọ jókòó sórí àga, á ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì lọ sídìí fèrèsé náà. Ọ̀nà gùn láti ibẹ̀, ó lọ tààrà títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò. Èèyàn á ti rí ọmọ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kó tó dé.