Básì Ẹlẹ́nu Kékeré Níwájú Àna

Ìwé mẹ́fà tí wọ́n ní kí n kà, n kò kà á parí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo Yorùbá tó wà ní Dallas yìí, ẹ mú ẹnì kan wá tó mọ ẹja jù mí lọ. Kò sí. Ẹja tí òyìnbó ń pè ní básì ẹlẹ́nu kékeré ni tèmi. Inú omi tútù tó ní òkúta ló ń gbé, bí ìwọ̀ bá sì kọ́ ọ, á máa fò, á máa jà bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ fẹ́ arábìnrin kan. Irọ́ ni ọkọ àkọ́kọ́ fi gbé arábìnrin yìí níyàwó, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé Frisco bá búra pé òpùrọ́ kankan kò ní fẹ́ àbúrò òun mọ́. Nọ́ọ̀sì gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn ẹja pípa, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń pa básì ẹlẹ́nu kékeré. Ẹni tí kò di ìwọ̀ mú rí! Ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ pé ẹja àrọ̀ nìkan ló mọ̀, ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Nọ́ọ̀sì bẹ̀ mí kí n mú àwọn lọ. Ní Sátidé, mo gbé e, ẹ̀gbọ́n wa mọ́tò tirẹ̀ tẹ̀lé wa. A fi Lewisville sẹ́yìn, a lọ sí adágún omi kan níhà àríwá.

Orí bá nọ́ọ̀sì ṣe é, ẹja kan gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì. Ó fà á jáde. "Halelúyà!" Kò tilẹ̀ wo ẹja náà dáadáa tó fi gbé fóònù, tó ń jẹ́rìí fún arábìnrin náà. "Ẹlẹ́nu kékeré ni o! Níṣojú ẹ̀gbọ́n yín ni!"

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. "Ọ̀gá apẹja, ṣé òun nìyí?"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," nọ́ọ̀sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí.

Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ti gba Bíbélì lọ́wọ́ mi rí láàárín ìjọ, ó ní kí òun bá mi kà á kó lè yá. Mo gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Ibi tí ẹnu rẹ̀ là dé ti kọjá ojú. Ti ẹlẹ́nu kékeré kì í kọjá ojú. Ìlà dúdú yìí náà lọ gbọọrọ láti orí dé ìrù. Lóòró ni ti ẹlẹ́nu kékeré máa ń dúró, ara rẹ̀ á sì pọ́n bí idẹ. Ẹlẹ́nu ńlá lèyí. Ẹni tó ti ń pa á tipẹ́ kò wá mọ̀ ọ́n?" Mo bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ká okùn rẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ ti bá mi lé òpùrọ́ kejì lọ."

Nọ́ọ̀sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta. "Ẹ dárí jì mí, sà! Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni!"

Ẹ̀gbọ́n rọra yà fún orí rẹ̀ bí ẹni ń yà fún ẹrẹ̀, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Nọ́ọ̀sì ṣì nà sílẹ̀, ó ń sunkún.

Mo ju ìwọ̀ mi padà sómi.

"Dìde níbẹ̀ yẹn," mo ní, "o ń lé ẹja sá."