Fíìmù Tó Ń Pa Ìyàwó Mi Lẹ́kún

Mi ò lè jókòó wo fíìmù ìfẹ́ dé òpin. Bí ọkùnrin inú rẹ̀ bá ti di ọwọ́ obìnrin mú, tí orin sì bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ á ti máa yún mi. Màá dìde lọ wò ó bóyá omi ti kún táǹkì, màá yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan pè mí, màá sì tún padà wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi á dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, á sì fi ojú tọ́ka sí àga kí n jókòó.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ fíìmù wa, nínú yàrá àti pálọ̀ tí a gbà ní Bàrígà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lápá Akọ́kà, ó sì ti bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n má fi iṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ náà sí i lọ́rùn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ìdílé mùsùlùmí. Èmi jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́, onítẹ̀bọmi. Èmi á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun á kírun ọ̀sán, a ó jẹun, lẹ́yìn náà ni yóò so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mẹ́ta tí a ti fẹ́ra nìyí, mi ò rántí ọjọ́ Àìkú kan tí a kò jà díẹ̀ lórí ìfẹ́ àwọn ẹlòmíì.

Kì í ṣe pé mo jẹ́ àjèjì sí fíìmù o. Ẹ̀rọ tó ń gé bébà ni mò ń lò jẹun ní Ṣómólú, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Nígbà tí àwo fíìmù ṣì ń tà, àwa la máa ń tẹ páálí rẹ̀, èmi ni mo sì máa ń gé e. Mo ti gé ojú olólùfẹ́ tí mi ò lè kà tán. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn lórí páálí, ìgbéyàwó ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ni. Bí ìyá àgbàlagbà kan bá dúró sáàárín wọn tó káwọ́ gbera, ìyá ọkọ nìyẹn, kí Ọlọ́run kó ìyàwó yọ. Inú fóònù ni fíìmù wà báyìí, káàdì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ló kù tí à ń gé.

Fíìmù ìfẹ́ kan ṣoṣo ló wọ̀ mí lára láyé mi. Tọkọtìyàwó kan ní abúlé ń bára wọn jà, wọn ò sọ̀rọ̀ síra wọn. Ìyàwó sá èlùbọ́ sórí àpáta, ó lọ sọ́jà. Òjò ṣú. Ọkọ sáré kó èlùbọ́ náà wọlé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó dé, ó rí èlùbọ́ nínú ilé, ó bu omi fún ọkọ rẹ̀ mu. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹnì kankan. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi, ó ní fíìmù èlùbọ́ nìyẹn, kì í ṣe fíìmù ìfẹ́.

Tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọbìnrin kan rí iṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ sáré la òjò kọjá títí dé gáréèjì, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú mọ́tò, ó ní, “Má lọ.” Ọmọbìnrin sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn, gbogbo èrò inú mọ́tò sì pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ti wò ó bí ìgbà mẹ́wàá, kò sì sí ìgbà tí kì í sunkún níbẹ̀. Èmi á ní kí ló dé tí bọ̀bọ́ yìí ò pè é lórí fóònù? Awakọ̀ wo ló sì máa dúró kí wọ́n ṣeré ìfẹ́ tán? Á ní ẹnu mi ti pọ̀ jù.

Lọ́dún yìí ni ọ̀rọ̀ kúrò ní ti fíìmù. Ìyàwó mi ti ń kàwé fún ìdánwò láti lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun, ó yege, ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ sì ní kó máa bọ̀. Ọjọ́ ti lọ lórí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀ láti ìgbà omidan. Ó lọ béèrè ní ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù bí wọ́n ṣe ń ṣe tuntun. Wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun fọwọ́ sí i. Ìlà mẹ́ta péré ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi kọ ìlà mẹ́ta. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Mo ní kò síná. Èmi tí mò ń jí dé àárín bébà lójoojúmọ́, mo ní mi ò rí bébà tó dáa. Lọ́kàn mi, mo gbà pé bí mi ò bá kọ ọ́, kò lè lọ, ìyẹn sì ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀, ó tún ń tì mí lójú. Màmá mi pè mí láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní obìnrin tí kò tíì bímọ fún mi, bó bá ti kọjá òkun, ó ti lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti dára lójú mi mọ́. Ìyàwó mi béèrè lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ìyẹn kò béèrè mọ́, ìyẹn ló wá burú jù.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ẹkún rẹ̀. Mo ní obìnrin tó ń sunkún ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin bá sọ pé “Má lọ,” ohun tó ń retí lẹ́nu tèmi náà nìyẹn. Ọgbọ́n orí mi nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì jáde, mi ò lọ sílé tààrà. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Pẹ́dírò dé Onípáànù, mo tún rìn padà, mò ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí bí ọmọ ilé ìwé, àwọn èèyàn sì ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, fíìmù yẹn gan-an ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ti dé gáréèjì, ojú ìyàwó mi sì ti tutù. Mo dúró láàárín òun àti tẹlifíṣọ̀n. N kò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ ni àbí kí n dọ̀bálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó, bí mo bá sì dọ̀bálẹ̀, á dà bíi pé bàbá rẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mo kúnlẹ̀ náà. Táìsì ilẹ̀ le. Mo ní, “Má lọ.”

Ó dá fíìmù dúró. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún mọ́. Ó ní kí n dìde kí orúnkún mi má bó. Lẹ́yìn tí mo jókòó, ó bi mí bóyá mo rò pé nítorí ọkùnrin yẹn ni òun ṣe ń sunkún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Rárá,” ló wí. “Ọmọbìnrin yẹn ni mò ń sunkún fún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó di ẹrù ẹ̀, ó ti wọ mọ́tò, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Títí fíìmù yẹn fi máa parí, kò sẹ́ni tó bi í pé, ibo lo tiẹ̀ ń lọ?”

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo ti béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti béèrè ẹni tí yóò máa sebẹ̀. Mo ti béèrè ìgbà tí yóò padà, kó tó lọ rárá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ ìlú tí ìyàwó mi ń lọ. Mo gbé ojú sókè, mo bi í.

Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó rí i pé rárá, ó sọ orúkọ ìlú náà fún mi. Ó ní etí òkun ni, ó tutù gan-an, ẹyẹ funfun ńláńlá sì wà níbẹ̀ tó máa ń jí búrẹ́dì lọ́wọ́ èèyàn. Yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni wọ́n fẹ́ fi í sí. Ó sọ fún mi nípa ọmọ kan tó kú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tó kéré bí ìyá ẹyẹlé, tí òun gbé mọ́ àyà ní gbogbo ọ̀sán torí pé kò sí ohun mìíràn tí òun mọ̀ láti ṣe. Ó fẹ́ lọ kọ́ ohun tó yẹ kó ṣe. Kò sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn fún mi rí. Ọ̀rọ̀ náà gùn títí wọ́n fi pe ìrun àṣárì, ẹsẹ̀ ń yún mi, mo sì jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọwọ́ kọ lẹ́tà náà ní ṣọ́ọ̀bù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó wù mí kí n kọ “ọdún méjì péré” kún un. Mo gbé bírò sókè, mo rántí ohun tí màmá mi sọ. Mi ò kọ ọ́. Nígbà tí mo fún un nírọ̀lẹ́, ó kà á, ó tún un kà.

Ó ní, “Ẹ ò kọ ìgbà tí màá padà.”

Mo ní wọn ò béèrè. Mo sì sọ òótọ́ fún un pé ẹ̀rù ló ń bà mí, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ há lẹ́tà náà mọ́wọ́ ni, torí mo mọ̀ pé láìsí i kò lè rí pásípọ́ọ̀tù gbà.

Ó ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Orúkọ bàbá mi ni mi ò bá fi ṣe é. Ìyẹn ò gba lẹ́tà ọkọ kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni mi ò bá ti gbà á.”

Mo bi í pé kí ló wá ń dúró dè.

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú báàgì tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, “Orúkọ yín ni mo fẹ́ kí wọ́n máa fi pè mí níbẹ̀.”

Pásípọ́ọ̀tù náà ti jáde báyìí, oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀, mi ò ní purọ́.