Kápúsù Mẹ́rin Nínú Àpò Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́

Ẹ bi mí léèrè irú ènìyàn tí Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ jẹ́, èmi tí mò ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Ọdún mọ́kàndínlógún la jọ ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín. Kó o tó kígbe, ó ti gún ọ tán. Bó bá fún èèyàn ní kápúsù, á dúró tì í bí ọlọ́pàá: "Ẹ mu omi ife yẹn tán o. Ẹ má tíì dùbúlẹ̀, á jó yín lọ́nà ọ̀fun. Ẹ má sì fi mílíìkì lé e, kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú ibà àti ikọ́ burúkú. Ìyá rẹ̀ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà kọ kápúsù dọ́síkílìn, oògùn apakòkòrò tó jẹ́ àbúrò tetirasáíkílìn, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Bí ìyá ṣe yà sí ilé ìwẹ̀ báyìí, ọmọ gbá Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Bí màmá mi bá gbọ́, ojú fèrèsé yìí ni mo máa gbà sá lọ."

Oògùn yẹn kì í bá oyún rẹ́. Ó lè ba eyín àti eegun ọmọ inú jẹ́. Ṣé kó wá sọ fún dókítà ni? Ní wọ́ọ̀dù wa, oògùn tí wọ́n bá pa rẹ́, wọ́n á kọ ìdí rẹ̀ sórí káàdì tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá yìí sì ń ka káàdì náà sókè láràárọ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn!

Ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ni mo wà tí Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ fi ju kápúsù sápò, tó fọwọ́ sí ìwé pé ọmọ ti lò ó. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo bá ń nu ibi tí mo ti nù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, kí n má purọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ibà ọmọ ń le sí i. Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ìyá Bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí mo bá sọ ọ́, á sá. Bí mo bá dákẹ́, ikọ́ á pa á. Ibo ni kí n gbà?"

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ìṣojú ẹ kọ́ ni mo ṣe kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tó kọ̀?"

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ ń mí gúlegúle. Dókítà wo ìwé, ó mi orí. "Oògùn yìí ò ràn án. Ẹ jẹ́ ká fi kún un."

Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ kó kápúsù mẹ́rin sórí bẹ́ẹ̀dì. "Kò lo ìkankan, dókítà. Èmi ni mo purọ́. Oyún wà nínú rẹ̀."

Ìyá ò pariwo.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti mọ̀. Mò ń dúró kó sọ fún mi ni."

Ọmọ bú sẹ́kún. Wọ́n fún un ní oògùn mìíràn tí kò ní pa oyún lára, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, ara ti yá.

Ọjọ́ tí wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́, ó ní òun bẹ ọmọ náà kó sọ ọ́. Màtírọ́ọ̀nù béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí i tó ń bẹ ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. Bí mo bá ní mo rí i, wọ́n á mọ̀ pé mo bá a bo irọ́ náà, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ronú kan àwọn ọmọ mẹ́ta tí mò ń bọ́.

"Mi ò rí nǹkan kan, mà," ni mo wí.