Ẹsẹ̀ Àǹtí Òkè

Tíṣà bayọ́lọ́jì ni àǹtí tó ń gbé lókè wa ní Festac. Tí wọ́n bá ti iṣẹ́ dé, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á mí kanlẹ̀: "Ìyàwó, ó ti rẹ̀ mí." Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà.

Lọ́jọ́ kan, mo rí ipa ẹ̀jẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn wọn. Ìṣó ti gún wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò mọ̀. Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ ìrora náà lára.

"Kí ló dé tó jẹ́ ẹsẹ̀, Àǹtí?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ ìrora ti ń ṣe pùròtéènì. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín gùn dé ìka ẹsẹ̀, inú okùn yẹn ni pùròtéènì ń gbà lọ. Ṣúgà ti ba ọ̀nà jẹ́. Ibi tó jìnnà jù ni kì í rí gbà mọ́."

"Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sinmi."

"Ta ló máa bọ́ mi?"

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń bá wọn yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò nírọ̀lẹ́, bóyá egbò wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dijú, wọ́n ní, "Ìyàwó, o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Àǹtí, mo ti dì í mú tipẹ́."

Wọ́n lajú, wọ́n rí ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́ mi.